Hítà tí wọ́n ń yọ jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́tà, àlòkù rẹ̀ làwọn òyìnbó ń wá kiri fún jíìpù àtijọ́ wọn

Ooru ló ń bá àwọn ará Ọ̀tà fínra, kì í ṣe òtútù. Ẹni tó bá dúró ní ìkóríta Àtàn lọ́sàn-án gangan, níbi tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Lúsàdà àti Àgbárá, tí tírélà ń tú èéfín dúdú sí i lójú, tí oòrùn ń ta á lórí, tó wá gbọ́ pé ẹnì kan ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa mú inú ọkọ̀ òun gbóná, yóò ní orí onítọ̀hún ti dàrú ni. Àmọ́ ẹ̀rọ ọ̀hún wà. Ó wà lára ọ̀pọ̀ jíìpù dísù àti tírélà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù, àwọn tó ni ọkọ̀ gan-an ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa sun epo dísù díẹ̀díẹ̀ bíi sítóòfù, kí ara ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè móoru, kódà bí wọn ò bá tiẹ̀ ṣíná sí ẹ́ńjìnnì rárá.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń yọ ọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó tó ní jíìpù àtijọ́ ń wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà, tí wọ́n ń ra àlòkù rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e sínú Land Rover tó ti lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kan náà ni o. Bí kì í bá ṣe pé owó ńlá àti ẹ̀mí èèyàn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín là bá kàn fi rín, ká bá tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí àwọn ọkọ̀ yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 2020, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n ní láàrin ọdún 2015 sí 2018, àlòkù mọ́tò kéékèèké tí wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn káàkiri àgbáyé tó mílíọ̀nù 14. Nínú ọgọ́rùn-ún, 80 ló lọ sáwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, èyí tó sì ju ìdajì lọ ló wá sí Áfíríkà. Àwọn ará Àtàn ò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yẹn fún wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mọ́tò ti ń ti Kùtọnu gba Ìdí-Ìrókò wọlé, tó ń gba ojú wọn kọjá lọ sí Sàngó àti Èkó. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má kó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, pé èbúté nìkan ni kí wọ́n máa gbà. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa fún ọjà, ó sì di ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ọ̀rọ̀ kọ́sítọ̀ọ̀mù àti onífàyàwọ́ nìyẹn, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni. Èyí tó kàn wá ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ibi tí omi ti ń di yìnyín ń dé Ọ̀tà pẹ̀lú gbogbo ẹrù òtútù tó wà lára rẹ̀.

Bó bá sì ti dé, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń lọ tààrà. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wáyé níbẹ̀ ò pọ̀. Mẹkáníìkì á gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, á wò ó yíká, á ní, "Alájì, kí lẹ fẹ́ fi hítà ṣe nínú ooru yìí? Ẹ jẹ́ ká gé e." Alájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó sórí ọkọ̀, tí kò mọ hítà yàtọ̀ sí rédíétọ̀, á ní, "Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó dáa ni kẹ́ ẹ ṣe." Ká tó pajú pẹ́, wọ́n ti mú ọ̀bẹ sí họ́ọ̀sì.

Bẹ́ẹ̀, hítà méjì ló wà, wọn ò sì jọra. Èyí àkọ́kọ́ ló wà nínú gbogbo mọ́tò tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára, bẹ̀rẹ̀ láti orí Peugeot 504 dé orí Toyota ayé òde òní. Omi gbígbóná tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká ni wọ́n fi họ́ọ̀sì méjì fà wọ inú rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù á wá fẹ́ atẹ́gùn gba ara rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn náà á sì gbóná. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ epo, nítorí ooru tí ẹ́ńjìnnì ì bá dà nù ni wọ́n fi ń ṣe é. Mọ́tò Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá ò ní omi ní tiẹ̀. Atẹ́gùn tó bá gba ara páìpù èéfín kọjá ni wọ́n ń darí sínú ọkọ̀, bí páìpù náà bá sì ti jẹrà, èéfín ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń fà símú tí wọn ò mọ̀.

Hítà kejì ló ń fa awuyewuye. Ìyẹn ò gbára lé ẹ́ńjìnnì rárá. Ó dá iná tiẹ̀ dá, ó sì ń fa epo láti inú táǹkì ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Jámánì méjì ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ rẹ̀, Eberspächer tó ti wà láti ọdún 1865, àti Webasto tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1901. Àwọn ará Ṣáínà náà ti wá bá wọn dá sí i, wọ́n sì ń ta tiwọn ní pọ́ọ́kú. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan ló ń fún un lépo ní ìkán-ìkán, tó ń dún tìkì-tìkì-tìkì bí aago. Irin kan tó ń gba iná bátìrì á pọ́n kankan, epo á gbiná nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n dé pa. Páìpù kan ń fa atẹ́gùn wọlé fún iná náà láti ìta, páìpù mìíràn sì ń tú èéfín rẹ̀ síta lábẹ́ ọkọ̀. Atẹ́gùn tí èèyàn fẹ́ fi móoru ò gbọdọ̀ dé ibi tí iná wà, ẹ̀yìn irin tó bo iná náà ló ń gbà, ibẹ̀ ló ti ń gbóná kó tó wọ inú ọkọ̀. Irú kan tún wà tó jẹ́ omi ẹ́ńjìnnì ló ń sè dípò atẹ́gùn, kí ẹ́ńjìnnì má bàa tutù jù láàárọ̀. Èyí ni wọ́n sábà ń kàn mọ́ jíìpù dísù láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá.

Àwọn dírẹ́bà tírélà nílùú òyìnbó mọ iyì rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn bí wọ́n bá lọ sọ́nà jíjìn, bí wọ́n bá sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ láti alẹ́ dójúmọ́ nítorí òtútù, epo tí yóò mu kì í ṣe kékeré. Hítà yìí ní tirẹ̀, ìyẹn èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 2, kì í mu ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà lọ láàrin wákàtí kan bó bá ń jó jẹ́jẹ́, bó bá sì ń jó gidi, ó lè tó ìdá mẹ́rin lítà. Ẹni tó bá sùn fún wákàtí mẹ́jọ ò ní í sun ju lítà 2 lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ní jíìpù àtijọ́ ti wọlé. Land Rover kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1948, nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ hítà ló ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Títí wọ́n fi ṣe Defender ayé àtijọ́ tó kẹ́yìn lóṣù kìíní ọdún 2016, àwọn tó ń wà á ò yéé kùn pé hítà rẹ̀ ò lágbára, pé atẹ́gùn ń gba etí ilẹ̀kùn wọlé. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n á lọ bá àwọn tó ń tú tírélà àti mọ́tò ìfìwéránṣẹ́ tó ti kú, wọ́n á ra hítà tó ń sun dísù lára rẹ̀, wọ́n á kàn án sábẹ́ ìjókòó tàbí sẹ́yìn jíìpù wọn. Ohun tí àwa ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù náà làwọn ń ṣe fún hítà. Àlòkù kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú nìkan.

Àmọ́ àlòkù hítà ní ẹ̀tàn nínú. Bátìrì méjì ló ń gbé tírélà, fóòlù 24 niyẹn, fóòlù 12 sì ni ti ọ̀pọ̀ jíìpù. Ẹni tó bá gbé ti jíìpù sínú tírélà, jíjó ló máa jó o. Ẹni tó bá gbé ti tírélà sínú jíìpù, kò ní í tan. Lẹ́yìn ìyẹn, irin tó bo iná yẹn kì í wà títí ayé. Ìwé ìlò tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ hítà atẹ́gùn láti Jámánì máa ń sọ ọ́ pé bó bá ti pé ọdún 10, kí wọ́n pààrọ̀ irin náà sí tuntun. Ẹni tó ń ra àlòkù kì í sábà rí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ iye ọdún tó ti lò. Bí irin ọ̀hún bá sì fọ́ bí irun orí lásán, èéfín iná máa dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn tó ń wọ inú ọkọ̀.

Èéfín ọ̀hún ni ikú gan-an. Kábọ̀nù mónọ́sáìdì ni wọ́n ń pè é, kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta èèyàn lójú. Òun náà ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń gbé sí kọ́ríídọ̀, tí ìdílé odindi fi ń sùn tí wọn ò jí. Bó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba ipò lọ́wọ́ atẹ́gùn tó ń gbé èèyàn ró, kì í sì í tètè fibẹ̀ sílẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ onítọ̀hún, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun á sì máa kùn ún. Ẹni tó bá rò pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni, tó wá fara lélẹ̀ pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe tòyìnbó nìkan. Àwọn ọmọ wa tó ti rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba àti Kánádà pọ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ tírélà àti báàsì tí wọ́n fi ń há ẹrù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí òtútù ń gé e jẹ, tó rí àlòkù hítà tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, á fẹ́ kàn án mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù. Páìpù èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ síta pátápátá, kò gbọ̀dọ̀ parí sábẹ́ ibi tí èèyàn jókòó sí, kò gbọ̀dọ̀ wà nítòsí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ̀dọ̀ fara kan páìpù epo. Kí wọ́n ra aago kékeré tó máa ń ké bó bá gbóòórùn èéfín yẹn, kí wọ́n gbé e sítòsí ibi tí wọ́n ń sùn sí. Wọ́n ń tà á káàkiri níbẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ pa hítà, kí wọ́n pa á láti ojú bọ́tìnnì rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí fáànù rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dákẹ́. Ẹni tó bá já a kúrò lára bátìrì lójijì, ooru tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ló máa ba á jẹ́.

Ó tó báyìí lórí tòkè òkun. Ṣebí Ọ̀tà la ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó ní kí wọ́n gé hítà ò ṣàdéédéé sọ bẹ́ẹ̀. Rédíétọ̀ kékeré ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn máa ń jò lóòótọ́, bó bá sì jò, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú ni omi gbígbóná ń dà sí. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ kó máa jò? Àwa náà ni. Omi tó ní oògùn ìdáàbòbò, èyí tí wọ́n ń pè ní kúláǹtì, ló yẹ kó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Oògùn yẹn ló ń jẹ́ kí irin má dógùn-ún, òun ló sì ń jẹ́ kí omi má tètè hó. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa, piọ́wọ́tà ni wọ́n ń tú sí i, ọ̀rá kan lónìí, méjì lọ́la. Ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀, á kó jọ sínú àwọn ihò tóóró hítà, á dí i, á jẹ ẹ́ lu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ní hítà ò dáa fún ilẹ̀ Nàìjíríà.

Bó bá wá di dandan kí wọ́n gé e, ọ̀nà tó dára ni pé kí wọ́n so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀, kí omi máa yípo lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń ki bóòtù bọ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, wọ́n á fi wáyà dì í. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ojú ọ̀nà hítà yìí gan-an ni omi ń gbà yí ká kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa. Bí wọ́n bá dí i pa, omi á dúró sójú kan, apá kan nínú ẹ́ńjìnnì á gbóná ju èkejì lọ. Bóòtù náà sì lè ta kúrò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá há sínú gosíloo Sàngó, kí omi dà tán kí dírẹ́bà tó bojú wo géèjì.

Ti hítà tó ń sun dísù tún burú jùyẹn. Èyí tí wọ́n kàn mọ́ jíìpù láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń dá tan fúnra rẹ̀ nígbà tí òtútù ìta bá wálẹ̀ dé nǹkan bíi díńgírì 5. Àní ọyẹ́ tó le jù l'Ọ́tà kì í dé sàkáání ibẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Yúróòpù ni hítà yẹn ò ti ní í tan mọ́, yóò kàn dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ páìpù tó ń gbé epo lọ bá a ṣì wà lára páìpù epo ọkọ̀. Oòrùn á máa pa rọ́bà rẹ̀, á máa gbẹ, á máa sán. Nígbà tó bá ya, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọ inú epo, jíìpù ò ní í fẹ́ ṣíná láàárọ̀ mọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ á gbé e lọ, wọ́n á ní pọ́ọ̀ǹpù ni, wọ́n á ní nọ́sù ni, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ lọ fún kálíbréṣọ̀n, owó gọbọi á lọ, àìsàn náà ò sì ní í lọ. Rọ́bà tí kò tó ìka kan ló fa gbogbo wàhálà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ hítà náà gbọ́dọ̀ tọ páìpù epo rẹ̀ lọ títí dé ibi tó ti ya kúrò lára páìpù ńlá, kó dí i níbẹ̀ pa pẹ̀lú ohun tí epo ò lè jẹ. Kó so họ́ọ̀sì omi rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó sì jẹ́ kí ríwáyà yọ iná rẹ̀ kúrò nídìí fíúsì, kì í ṣe kó gé wáyà kó fi í sílẹ̀ kó máa jù dirodiro.

Tẹmọ́sítáàtì ló kù, òun ni baba gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé hítà tán, òun ló kàn. "Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, Alájì. Kò wúlò fún wa." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ wa débi pé ẹni tó bá jiyàn á dà bí ẹni tó ń ṣe àṣejù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Tẹmọ́sítáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń di omi mú sínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó, ó sì sábà máa ń ṣí nígbà tí omi náà bá dé nǹkan bíi díńgírì 82 sí 90. Bí oòrùn Ọ̀tà bá mú gidi, díńgírì 35 ni tàbí kó lé díẹ̀. Ta ló wá sọ pé ooru ìta ti tó fún ẹ́ńjìnnì? Ibi tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ dé fi ìlọ́po méjì ju ooru wa lọ, ì báà jẹ́ Jámánì ló wà, ì báà jẹ́ Àtàn.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀, omi tútù ni yóò máa sá yí i ká. Bó bá wà lórí ìrìn, kò ní í gbóná débi tó yẹ, epo tó ń mu á pọ̀ sí i, ọ́ìlì rẹ̀ á tètè di ẹrọ̀fọ̀, àwọn irin inú rẹ̀ á máa jẹ ara wọn. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà, iná tó ń kìlọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, ríwáyà á sì pa á lónìí, á tún tàn lọ́la. Èyí tó wá burú jù ni ti àwọn ẹ́ńjìnnì tí tẹmọ́sítáàtì wọn ń ṣiṣẹ́ méjì: bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ló ń ti ọ̀nà àbùjá kan pa. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí, omi gbígbóná á máa gba ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Ohun tí wọ́n ní àwọn yọ kí ọkọ̀ má bàa gbóná, òun gan-an ni yóò mú un gbóná jù nínú gosíloo. Gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, wọ́n á sì ní kí Alájì lọ ra Bẹ́líjíọ̀mù.

Ìwọ̀nba ìgbà kan wà tí yíyọ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Bí tẹmọ́sítáàtì bá há ní títì lójú ọ̀nà, tí kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà, ẹni tó yọ ọ́ kó lè délé ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n délé náà ni o, kì í ṣe títí ayé. Owó tẹmọ́sítáàtì tuntun ò tó owó ọ́ìlì tí wọn yóò yí.

Àwọn tó ń wa jíìpù nígbà òjò á tún rántí ohun kan. Bí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan lójú ọ̀nà Lúsàdà, tí èèyàn mẹ́rin ń mí sínú ọkọ̀ kan, gíláàsì iwájú á fín, dírẹ́bà á máa fi aṣọ ìnujú nù ún, á máa nà lọ láti ríran. Bí hítà bá ṣì wà lára ọkọ̀, kó tan án pọ̀ mọ́ A/C, kó darí atẹ́gùn sí gíláàsì. A/C á gba omi inú atẹ́gùn náà, hítà á gbẹ gíláàsì, kò sì ní í pẹ́ tí ojú ọ̀nà á fi mọ́. Ẹni tó ti gé hítà tirẹ̀ á máa fi aṣọ nù ún lọ.

Ní ti hítà dísù tí wọ́n ń yọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì pé, pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ àti orúkọ Webasto tàbí Eberspächer tí wọ́n kọ sí i lára gàdàgbà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń wà, láàrin táyà àti rédíétọ̀ tó ti lu, títí àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri á fi ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn dé. Àwọn yẹn kì í ka orúkọ. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n rí, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n sì ń gbé e sí.